Omi Tiyín, Ẹran Tèmi

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, álọ́ọ̀mù tí a fi ń fọ ìgbín ni ìyàwó mi ní kí n bá òun mú. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé ìdáná wa ní Ikpoba Hill, ó ká ìró sókè dé orúnkún, ó fi bàsíà sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì na ọwọ́ òsì sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, bí ẹni tó dá lójú pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tí yóò fi nǹkan lé òun lọ́wọ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Inú agolo mílíìkì kan lórí pákó tó wà lókè fèrèsé ni álọ́ọ̀mù náà wà. Èmi ni mo ti gbàgbé ibi tó wà. Òun ló fi ìgbọ̀nwọ́ júwe rẹ̀ fún mi.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ìgbín jẹ́ nínú ilé wa kò ní mọ ohun tí mo fi lé e lọ́wọ́ ní àárọ̀ yẹn. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn.

Olùkọ́ ni mí ní ẹ̀ka ìpoògùn ní yunifásítì kan ní Benin. Èkìtì ni èmi àti ìyàwó mi ti wá, ṣùgbọ́n a ti pẹ́ níhìn-ín débi pé àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín ti di ẹni tí ń gbowó oṣù. Ìbejì ni wọ́n, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ọkùnrin wà lókè òkun. Obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan nítòsí Ring Road, ó sì máa ń wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Àwọn méjèèjì gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Òyìnbó tàbí Pijin ni wọ́n fi ń dáni lóhùn. Ìyàwó mi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní bayọ́lọ́jì. Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí Ìyá Ìbejì, èmi náà kì í pè é ní nǹkan mìíràn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n wá ohun tí yóò gbé oògùn dé ibi tí oògùn kò lè dá rìn dé. Ọpọlọ ni ibi tó le jù nínú wọn. Ènìyàn lè gbé oògùn tó dára mì, kó parí sí inú àti ẹ̀dọ̀, kí ọpọlọ má rí ìkán kan nínú rẹ̀, nítorí pé ọpọlọ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni nínú àwọn àrùn tí ń jẹ ọpọlọ àgbàlagbà díẹ̀díẹ̀, iná kan ń jó lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Ọpọlọ ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n ronú nípa àwọn fijilántè àdúgbò. Olè wọlé, wọ́n sáré jáde, wọ́n lé olè lọ. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n tí olè bá ti lọ tí wọn kò padà sílé wọn, tí wọ́n ń lu ẹni tó jáde wá tọ̀, tí wọ́n ń lu onílé, tí wọ́n ń dáná sun ìsọ̀ àwọn aláìṣẹ̀, àwọn gan-an ti di wàhálà àdúgbò. Ohun tí à ń wá ni nǹkan tí yóò wọlé lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbé igi sílẹ̀.

Àwọn tó ní agbára ju tiwa lọ ń fi èèpo edé àti akàn ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi ewéko inú òkun ṣe é. Ìgbín ló wà ní àrọ́wọ́tó tèmi. Omi tó máa ń yọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ìgbín, tí a bá fọ̀ ọ́ mọ́ tó mọ́ dáadáa, tí a sì po oje ata ilẹ̀ pupa mọ́ ọn, yóò di jẹ́ẹ̀lì tó ń lẹ̀ mọ́ òkè ihò imú tí kò ní ṣàn lọ sí ọ̀fun. Láti òkè imú sì ni ọ̀nà tóóró kan gbà lọ sí ọpọlọ láìkan ilẹ̀kùn ńlá náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ ìyàwó mi nínú nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní ṣé àwọn kò gbọ́ ọ rí pé ẹ̀rọ̀ ni ìgbín, pé ìyá òun kò ka ìwé kankan kó tó mọ̀ pé omi ìgbín ni a fi ń tu ohun tó bá gbóná.

A kì í pa ìgbín ní láàbù wa. A ó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ jí i, a ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, a ó máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ra á lẹ́sẹ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi máa kán sínú àwo dígí. Lẹ́yìn náà a ó dá a padà sínú garawa láàyè. Ọ̀gá láàbù wa, ọmọ Edo tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù mí lọ, ni a jọ ń ṣe é. Òun ló kọ́kọ́ bi mí ibi tí ẹran tó tóbi báyìí yóò wá gbà, ó sì fi Pijin kún un pé òun kò rí prọ́fẹ́sọ̀ tó ń fún wàrà lára ẹran kó tó jẹ ẹ́ rí. Mo kó wọn lọ sílé. Ìyàwó mi wo inú garawa, ó wo ojú mi, ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Omi tiyín, ẹran tèmi.”

Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin ilé. Ìgbín tó bá wọ láàbù gbọ́dọ̀ wọ ilé wa, ìgbín tó bá sì wọ ilé wa, a ti gba omi rẹ̀. Kì í bi mí léèrè kankan. Tó bá ti rí garawa lẹ́yìn ilé ìdáná, yóò ká ìró sókè, yóò wá òkúta tó ń fi fọ́ ìkarahun, yóò sì fi álọ́ọ̀mù àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó ìyókù omi náà kúrò lára wọn pátápátá. Ọ̀gá láàbù máa ń gba tirẹ̀ nínú ike ní ọjọ́ kejì, tó kún fún ata. Ó máa ń sọ pé ìyàwó mi nìkan ló mọ ohun tí iṣẹ́ ìwádìí yìí wà fún.

Ilé ẹ̀kọ́ ni àrùn ọpọlọ yìí ti kọ́kọ́ fara hàn lára ìyàwó mi. Ó kọ́ kíláàsì kan ní ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn. Ní ọjọ́ kejì ó tún wọlé, ó tún kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún ya ọkàn kan náà sójú pátákó. Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ṣí ojú ewé tuntun, wọ́n tún ya á. Ọmọ kan nínú wọn ló sọ fún mi ní ìgbà tó yá, ní ìta ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

Nígbà tí dókítà ti sọ ohun tó fẹ́ sọ, a wakọ̀ bọ̀ wálé. Ọkọ̀ pọ̀ lórí afárá odò Ikpoba, a dúró síbẹ̀. Ó ń wo àwọn tí ń fọ mọ́tò létí omi nísàlẹ̀.

“Bàbá Ìbejì, ẹ má fi mí ṣe eku o.”

Mo bi í pé kí ló mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá.

“Mo mọ̀ yín. Ọwọ́ yín á máa yún yín. Ẹ ó máa wo imú mi bí ẹní ń wo ihò òkété.”

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ló kọjú sí mi. Ó ní jẹ́ẹ̀lì náà ńkọ́, ṣé ó ń ṣe dáadáa? Mo ní ó ń ṣe dáadáa lára àwọn eku tí a fi àìsàn náà sí lára, wọ́n ń rí ọ̀nà wọn jáde nínú àpótí onígun mẹ́rin tí a ń fi wọ́n sí. Ó bi mí bóyá ọmọdé ni wọ́n tàbí àgbà. Mo ní ọmọdé ni wọ́n.

“Eku ọmọdé, kí ló mọ̀ tó fẹ́ gbàgbé?” Ó tún kọjú sí odò. “Ẹ dán an wò lára eku àgbà. Tó bá ṣiṣẹ́, tí kò bá ṣiṣẹ́, kí ẹ sọ fún mi. Kí ẹ sọ ọ́ nígbà tí mo ṣì lè gbọ́.”

Ohun tó bẹ̀ mí kò ju ìyẹn lọ. Kò ní kí n wo òun sàn. Olùkọ́ bayọ́lọ́jì ni, ó mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó láti ara eku dé ara ènìyàn. Èsì ló fẹ́. Mo sì ṣèlérí fún un.

Àti mú eku dàgbà kì í ṣe iṣẹ́ kíákíá. A ní láti dúró kí wọ́n gbó, kí irun wọn máa re, kí wọ́n máa jókòó sójú kan. Òun náà ń lọ díẹ̀díẹ̀ nílé ní gbogbo àsìkò yẹn. Òyìnbó ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà Pijin, lẹ́yìn náà ìwọ̀nba èdè Edo tó fi ń kí àwọn aládùúgbò. Ìyá àgbà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa yóò fi “Kóyo” kí i láti orí ògiri, bí wọ́n ti ń ṣe láti àtijọ́, ìyàwó mi yóò sì wò mí bóyá èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Èdè Èkìtì tí a fi tọ́ ọ dàgbà nìkan ló kù. Àwọn ìbejì kò gbọ́ ìyẹn. Èmi ni mo di ògbufọ̀ láàárín ìyá àti ọmọ.

Ọjọ́ Àìkú kan wà tí ọmọbìnrin wa wá, tó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, “Ẹ ǹlẹ́ o, mà. Ta ni ẹ̀ ń wá?” Ohùn pẹ̀lẹ́ ni, ohùn tí a fi ń gba àlejò. Ó tilẹ̀ sún kí ọmọ náà lè rí àyè jókòó. Ọmọbìnrin náà dá a lóhùn dáadáa, ó ní kí n sọ fún un pé ìyá òun ni òun wá kí. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé ìdáná, ó ṣí fíríìjì, kò sì mú nǹkan kan níbẹ̀.

Iná mànàmáná kì í dúró ní láàbù wa. Ohun tí kò bá gbọdọ̀ gbóná, ilé ni olúkúlùkù wa ń gbé tirẹ̀ lọ. Mo mọ ẹnìkan tí ẹ̀jẹ̀ ehoro ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìnyín àwọn ọmọ rẹ̀. Ìgò jẹ́ẹ̀lì tiwa dúró lára ilẹ̀kùn fíríìjì, láàárín ata lílọ̀ àti oògùn ojú mi, láràárọ̀ ni mo sì ń gbé ìwọ̀nba tí ó tó lọ sí láàbù nínú fúláàsì. Gbogbo ilé ló mọ ìgò náà. Ọmọbìnrin wa dúró, ó ń wò ó, ilẹ̀kùn fíríìjì ṣí sílẹ̀.

“Dádì, wetin remain wey she go lose?”

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́. Mo ní ohun tó bá tu iná nínú ọpọlọ eku lè dá iná mìíràn nínú ọpọlọ ènìyàn. Mo ní ìgbín kan náà lè gbé aràn kan tó jẹ́ pé ọpọlọ ló máa ń bá lọ, àti pé bí a bá ṣe àṣìṣe díẹ̀ nínú fífọ̀ ọ́ mọ́, a ó fi iná kún iná. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó fi Pijin sọ pé òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ṣé kí a máa wò ó báyìí náà ni?

“Ó ní kí n má fi òun ṣe eku.”

Ó ní Mọ́mì kò mọ ohun tó ń sọ mọ́.

“Ó mọ̀ ọ́n nígbà tó sọ ọ́.”

Ó pa fíríìjì dé. Èmi àti ọmọ mi kò tún sọ̀rọ̀ ìgò náà láàárín ara wa mọ́, ṣùgbọ́n arákùnrin rẹ̀ pè láti òkè òkun láàárín ọ̀sẹ̀, ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé wọ́n ti jọ sọ ọ́. Mi ò bá wọn jà. Èmi fúnra mi ti mú ìgò náà dání rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, tí mo dúró tì í títí òtútù rẹ̀ fi tán sí mi lọ́wọ́. Ìyàwó mi wà nínú pálọ̀, ó ń tú etí ìró rẹ̀, ó tún ń dì í, ó tún ń tú u. Mo dá ìgò náà padà sí àyè rẹ̀.

Nígbà tí àwọn eku náà gbó tán, a bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni a gbọ́dọ̀ máa kán jẹ́ẹ̀lì sí wọn nímú, kò gbọdọ̀ já rárá, nítorí bí ó bá já, a kò ní mọ ohun tó fa ohun tí a bá rí. Arúgbó ni wọ́n, òmíràn nínú wọn ń kú fúnra rẹ̀. Kò sí àwọn mìíràn lẹ́yìn wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ti dé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbín á sé ẹnu ìkarahun rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan funfun bí páálí, á wọ inú ilẹ̀ lọ, ẹni tó ń wá a yóò sì rìn jìnnà. Jẹ́ẹ̀lì inú ìgò ń lọ sílẹ̀. Obìnrin ọmọ Edo tí mo máa ń ra ìgbín lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Oba ti sọ fún mi pé kí n má retí púpọ̀ títí òjò yóò fi rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ Sátidé kan, ó tẹ̀ mí láago pé òun rí díẹ̀, kí n yára kí àwọn olóúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì tó gbà á tán. Mo fi ìyàwó mi sọ́dọ̀ ìyá àgbà aládùúgbò, mo lọ, mo sì rí wọn gbà. Obìnrin náà bi mí bóyá kí òun fọ́ wọn kí òun bá mi fọ̀ wọ́n, bí wọ́n ṣe máa ń bi gbogbo oníbàárà. Mo ní rárá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọkùnrin tó ń jẹ ìgbín tòun ti omi rẹ̀, òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Láàbù wà ní títì, ilé àwọn eku nìkan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá láàbù ti lọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lábúlé, kọ́kọ́rọ́ láàbù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Èyí kò dà mí láàmú. Ìgbín tó sùn kì í kú ní ọjọ́ méjì. Mo gbé garawa náà wá sílé, mo mú ìyàwó mi wálé láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, mo gbé garawa sábẹ́ ibòòji lẹ́yìn ilé ìdáná, mo gbé òkúta lé ìdérí rẹ̀, mo sì wọlé lọ wẹ̀.

Mo ń nu ara nígbà tí mo gbọ́ tí ìkarahun fọ́.

Ó yẹ kí n sọ fún ẹ̀yin tí ń ka èyí bí nǹkan ṣe rí ní ilé náà fún nǹkan bí ọdún kan ṣáájú àárọ̀ yẹn. Kò lè dá se tíì mọ́. Kò lè dá lọ ata mọ́. Bí a bá fi ọ̀bẹ sí i lọ́wọ́, yóò máa yí i wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó ti jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó gbá ìdí ìkarahun lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú òkúta tí mo fi tẹ ìdérí, ó fa ìgbín jáde, ó ya ìfun rẹ̀ sọ nù, ó jù ú sínú bàsíà, ó mú òmíràn. Ó ń kọ orin ìsìn kan láìla ẹnu. Omi náà ti bo ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ó nípọn, ó ń dán, irú èyí tí mi ò tíì rí gbà láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn.

Èyí tó kù nínú garawa ṣì pọ̀ ju èyí tó wà nínú bàsíà lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fojú wọ̀n ọ́n láti ibi tí mo dúró. Bí mo bá gbé garawa náà kúrò níwájú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, jẹ́ẹ̀lì yóò tó títí dé òpin, èsì yóò sì jáde. Èsì tí òun fúnra rẹ̀ ní kí n mú wá. Mo bọ́ sílẹ̀ ní àtẹ̀gùn, mo sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìgbà náà ló na ọwọ́ òsì sẹ́yìn.

“Ẹ bá mi mú álọ́ọ̀mù.”

Mo wá a kiri. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ka sí òkè fèrèsé. Mo sọ agolo náà kalẹ̀, mo ṣí i, mo mú álọ́ọ̀mù dání. Kò tíì gbà á. Ó yí ọrùn díẹ̀, ó wo ojú mi, ojú tó fi ń wo èmi gan-an, tí n kò tíì rí fún ìgbà pípẹ́.

“Ẹ ti gba omi tiyín?”

“Mo ti gbà á.”

Ó mi orí pé ó dára. Mo fi álọ́ọ̀mù lé e lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra wọ́n, ó ń da omi sí i, ó ń dà á nù, ìfófòó funfun náà sì ń ṣàn gba ojú sìmẹ́ńtì kọjá ẹsẹ̀ mi lọ sínú gọ́tà. Nígbà tó fọ èyí tó wà nínú bàsíà tán, ó fọ́ ìyókù. Mo ń bu omi fún un. Ìyẹn ni iṣẹ́ tí mo ṣe ní àárọ̀ náà.

Èmi ni mo dáná, òun ló sè é. Kò fi iyọ̀ sí i. Mi ò sọ fún un. A jókòó jẹ ẹ́ ní tábìlì ilé ìdáná, ó sì bu tèmi kún bí ó ti máa ń bù ú fún mi. Lẹ́yìn oúnjẹ ó ní ó rẹ òun díẹ̀. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù, mo sì fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí fáànù. Nígbà tí mo ṣan abọ́ tán tí mo padà wá, mo rò pé oorun ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe oorun. Dókítà tó wá sọ pé ọkàn rẹ̀ ni, pé kò ní mọ̀ ọ́n lára. Mi ò bi í bó ṣe mọ̀.

Ilé kún. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì gba ilé ìdáná, àwọn ará Edo àdúgbò gbé àga wá. Àwọn tó wá kí mi ló jẹ ìyókù ìgbín náà. Ẹnìkan sọ fún ẹnì kejì pé ẹni tó fọ ìgbín yìí mọ ọwọ́ rẹ̀ o, pé iyọ̀ nìkan ló kù. Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá láàbù pè mí pé òun ti dé, ibo ni ìgbín wà. Ọmọbìnrin mi ló gba ìpè náà. Mo gbọ́ tó ń sọ fún un, lẹ́yìn náà ó gbé fóònù fún mi. Ọ̀gá láàbù kò sọ Pijin sí mi lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n má ro ti eku rárá, òun yóò bójú tó wọn. Jẹ́ẹ̀lì tán láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Èkìtì ni mo wà, níbi tí a ti ń sin ín, nígbà tí wọ́n yọ àwọn eku náà kúrò nínú ìwádìí.

Mo ti rí èsì náà báyìí. Ó pẹ́ kí a tó rí eku mìíràn tó gbó. Iná inú ọpọlọ wọn rọlẹ̀ nítòótọ́. Lábẹ́ ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi, àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ti ká ọwọ́ wọn jọ. Ṣùgbọ́n àwọn eku àgbà náà kò rántí ọ̀nà. Wọ́n jókòó sí igun àpótí, ara tù wọ́n, wọn kò sì mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà wà. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, láìfi nǹkan kan kún un. Bí ìyàwó mi bá wà, n kì bá tí ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé yóò ní ó dáa kí ara tu ènìyàn náà, lẹ́yìn náà yóò bi mí ohun tí mo fẹ́ ṣe tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n kí a tó rí èsì yẹn rárá, òjò kọ́kọ́ rọ̀.

Títí di ìgbà náà, ẹlòmíràn ló ń ṣe ohun gbogbo fún mi. Ọmọbìnrin mi ń gbé oúnjẹ wá nínú kúlà. Ìyá àgbà aládùúgbò ń rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá gbá àgbàlá. Ní láàbù, ọ̀gá láàbù ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ àti tèmi, mo ń jókòó tì í. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ kárí, obìnrin ọjà Oba pè mí. Ó ti gbọ́. Ó kí mi kú ará fẹ́raku pẹ̀lú Pijin, ó ní òun kò pè láti tajà, ìgbín ti jáde ni, bí mo bá ṣì ń fẹ́ ẹ. Èmi àti ọ̀gá láàbù gba omi wọn ní ọjọ́ náà, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a ṣe tán, ó wo garawa, ó wò mí. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní kí òun kó wọn lọ sílé òun. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀.

Mo gbé wọn wá sí Ikpoba Hill, mo gbé garawa sí ibi tó máa ń wà. Ọmọbìnrin mi pè, ó sì ní kí n kó wọn fún ìyá àgbà. Mo ní ó dáa, n kò sì kó wọn fún un. Mo gbé àpótí jáde. Mo ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè. Ìkarahun àkọ́kọ́ fọ́ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹran nítorí pé mo gbá a jù, mo ní láti máa ṣa eérún rẹ̀ kúrò. Ìkejì sàn díẹ̀. Álọ́ọ̀mù ṣì wà nínú agolo náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti jẹ wọlé níbi tí ìka ìyàwó mi máa ń gbé dì í mú. Mo fi ra wọ́n. Wọ́n ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo ń mú wọn padà láti ilẹ̀. Nígbà tí omi tán, mo na ọwọ́ òsì sẹ́yìn. Mo dìde, mo lọ bu omi fúnra mi, mo padà wá jókòó. Mo da omi àkọ́kọ́ nù, mo da èkejì nù, mo tún ra wọ́n. Mo mú ọ̀kan, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kò yọ̀ mọ́. Mo gbé e sínú abọ́, mo mú òmíràn.